Ohùn Mi Nínú Géèmù Àjọkẹ́

Fúnmiláyọ̀ Àjọkẹ́, ọmọ Ìjùmú, ọmọ ará òkè tí ń wo odò láì tẹsẹ̀ bọ omi, Àjọkẹ́ tí gbogbo ilé jọ kẹ́, tí ikú nìkan kò bá wa kẹ́, arẹwà tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ọmọ ọmọ mi, ìwọ ni mo ń pè. Bí mo bá ti gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan ní Kabawa, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́ja, pàápàá lásìkò tí Odò Ọya bá kún tí ẹrẹ̀ rẹ̀ sì gòkè dé ẹnu ọ̀nà wa, ìwọ ni mo máa ń rí, lórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, tí o fi aṣọ bo orúnkún, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé n kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo rántí. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọmọ náà, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí ń jó egungun bí iná. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré lójú títì, ó ń ka igi àjà. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Délé ọmọ mi, tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àárọ̀ kùtù ló ń jáde. Nítorí náà inú fóònù ló ti rí ẹgbẹ́. Gúrúùpù kan ni, àwọn ọmọ Yorùbá tó fọ́nká káàkiri, tí wọn ò fojú kan ara wọn rí, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń ṣe géèmù. Mo mọ̀ wọ́n lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ìyá kankan kò sọ ọmọ: Gẹ́nẹ́rà tó jẹ́ olórí wọn, Alákàn tó ń ya àwòrán, Ata Wẹ́wẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan ju ẹ̀rín lọ.

Gẹ́nẹ́rà ló kọ́ ọ níṣẹ́, èébú ló sì fi kọ́ ọ. Bí Àjọkẹ́ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ohùn ọmọkùnrin yẹn á bú jáde nínú fóònù: "Ta ló kọ eléyìí? Ṣé ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ ni?" Gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, bó ṣe ń bú mi náà ni mo ṣe ń mọ ibi tó ti bàjẹ́." Á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kan pé àṣẹ ni òun ń pa fún ẹ̀rọ. "Bí mi ò bá sọ fún un pé òkúta le, Màmá, ọkọ̀ á gba inú òkúta kọjá bí ẹni gba inú èéfín. Kò mọ nǹkan kan àfi ohun tí wọ́n bá sọ fún un."

Mo ní, "A jẹ́ pé bàbá ẹ ló jọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Nígbà tí ìrora bá dé, tí a gbé e lọ sí ọsibítù, tí kò lè dá wọn lóhùn, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, pé iṣẹ́ ló ń sá fún. Bó bá padà dé, ariwo á ta: "Òkú ti jí o! Òkú, báwo ni ará ọ̀run?" Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn, Òkú. Mo máa ń ní kó má jẹ́ orúkọ náà. Òun á ní eré ni. Kò sọ irú àìsàn tó ń ṣe é fún wọn rí. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í fojú àánú wo òun.

Géèmù tó fi gbogbo ara ṣe jẹ́ ti ìyá arúgbó kan tó ń wa ọkọ̀ gba àárín ìkún omi Lọ́kọ́ja, tó ń gbé èèyàn kúrò lórí òrùlé. Ohùn mi ló ní òun fẹ́. Ó gbé fóònù sí mi lẹ́nu.

"Màmá, ẹ sọ pé, O ti kú."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ni mo ń sọ ọ́ sí?"

"Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì ni. Ẹ jọ̀ọ́, eré ni."

Mo ní àgbà kì í wí fún ọmọ ọlọ́mọ pé ó ti kú kó wá dákẹ́ síbẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Mo sọ ọ́, mo sì fi tèmi kún un: "O ti kú, ọmọ mi. Dìde, tún un ṣe." Ó pàtẹ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe wọ inú géèmù nìyẹn, òun ni gúrúùpù sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Gẹ́nẹ́rà ní kò sí arúgbó kankan níbẹ̀, pé Òkú ló yí ohùn ara rẹ̀ padà. Àjọkẹ́ kò bá a jiyàn. Ẹ̀rín ni ó fi ṣe.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìrora gbé e, kò sì gbé e padà wá fún wa. Ọsibítù ló kú sí.

Ẹ mọ àṣà wa. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í fi falẹ̀, arúgbó kì í sì í wo sàréè ọmọ ọmọ rẹ̀. Délé ní, "Màmá, ẹ jókòó sílé." Wọ́n fi Màmá Hawa tì mí, Núpé ni, ògiri kan ló pín ilé tiwa àti tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń gbé pósí jáde ni mo rántí àwọn ọmọ inú fóònù. Àwọn àti Àjọkẹ́ ti wà pọ̀ ju òun àti ìyá tó bí i lọ. Èmi kò lè dé etí kòtò. Ohun tí mo ń wá kò ju kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn pe orúkọ rẹ̀ kó ní ó dàárọ̀, kí erùpẹ̀ tó bò ó. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti kọ́ mi níbi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi ohùn ránṣẹ́. Mo fi ìka mọ́ ọn, mo kí wọn bí a ti ń kíni ní Ìjùmú.

"Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni ìyá àgbà Fúnmiláyọ̀ Àjọkẹ́, ẹni tí ẹ ń pè ní Òkú. Ó ti kú o. Òní ni wọ́n ń sin ín."

Alákàn ló kọ́kọ́ dáhùn: "Òkú tún ti kú!" Àwọn àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín tò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà Ata Wẹ́wẹ́ kọ nǹkan, òmíràn kọ ọ́, òmíràn tún kọ ọ́, gbolóhùn kan náà, bí ìjọ ṣe ń dáhùn àmín. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, mo pè é sókè kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Dìde, tún un ṣe.

Mo tún fìka mọ́ ọn. Lọ́tẹ̀ yìí n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹkún ni mo sun. Mo fi ẹkún kì í, láti Àjọkẹ́ dé ọmọ ará òkè. Gẹ́nẹ́rà fi ohùn fèsì: "Òkú, o gbìyànjú. Alákàn náà ní òun ti kú lọ́dún tó kọjá torí kò fẹ́ parí iṣẹ́, lọ́jọ́ kejì ló fi àwòrán ẹ̀wà tó ń jẹ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, gbé fídíò òkú wá ká wò ó."

Màmá Hawa kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ó bi mí, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ń bá wa kẹ́dùn."

Kò pẹ́ tí Gẹ́nẹ́rà tún sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn lọ́tẹ̀ yìí. "Ṣùgbọ́n ẹkún yẹn dáa o! Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti fi sínú géèmù, ẹ tẹ ibí yìí ẹ gbọ́. Òkú, o mọ iṣẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yin Àjọkẹ́ nìyẹn.

Mo tẹ ibi tó ní kí a tẹ̀. Géèmù ṣí. Mo wa ọkọ̀ lu òkúta. Ọkọ̀ rì, ẹkún mi sì dún jáde, pẹ̀lú oríkì ọmọ mi nínú rẹ̀, kò dín kan. Bó ti parí, ọkọ̀ tún léfòó, omi tún mọ́, ìyá arúgbó tún gbé àjẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí láti ìgbà náà. Ó ń dùn mí pé n kò lè pè wọ́n ní ọ̀tá, nítorí àwọn ló kọ́ ọ ní ohun tó mú un rẹ́rìn-ín lórí ẹní yẹn. Wọ́n mọ àṣìṣe tó máa ń ṣe, wọ́n mọ ohùn mi, wọn ò mọ̀ pé ó lè kú. Ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sí ẹni tí í kú tán níbẹ̀. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn ibẹ̀ nìyẹn. Mo rí wọn nínú fóònù rẹ̀ títí dòní, wọ́n ń bú u, wọ́n ní ìgbà wo ni Òkú máa jí.

Lọ́jọ́ náà, Délé wọlé, erùpẹ̀ pupa wà lára bàtà rẹ̀. Mo dojú fóònù bolẹ̀ lórí ẹní. Ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ti dá. Wọ́n sin Fúnmiláyọ̀ Àjọkẹ́ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi kò sì sí níbẹ̀.