Abọ́ Tí Kò Ní Ata

Ìtasánsán ata díndín ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò ní yunifásítì. Kì í ṣe ìṣirò, kì í ṣe ẹ̀rọ tí mo lọ kọ́. Ata tí wọ́n gbé sábẹ́ ìjókòó awakọ̀ ní gáréèjì Itamaga, tó ń ta sánsán títí dé Ẹ̀pẹ́, tí àwọn èrò ọkọ̀ sì ń gbé itọ́ mì.

Ìyá mi ló ń dín in. Ike àti garawa ló ń tà ní Itamaga, ní Ìkòròdú, èmi nìkan ló sì bí. Bàbá mi ti kú kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà àwa méjì la jọ ń gbé, abọ́ kan náà la sì jọ ń jẹun nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí ààyè láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ẹ̀pẹ́, kò bẹ̀rù ìwé, kò bẹ̀rù ọ̀nà. Àdáwà ló bẹ̀rù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ti lọ kàwé rí, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì padà wálé, kì í dá èèyàn lóhùn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Tí o ò bá rí ẹni bá jẹun níbẹ̀, màá wá mú ẹ. Mi ò ní jẹ́ kí ìwé gba ìwọ náà lọ́wọ́ mi."

Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà bíi kí n di ẹnjiníà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní gan-an ni mo ti ba tèmi jẹ́. Nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ, iwájú pátápátá ni mo jókòó sí pẹ̀lú pátákó ìyàwòrán mi tuntun. Ọkùnrin kan wọlé, ó wọ táì, ó dá irùngbọ̀n sí, ó kó ìwé dání. Ni mo bá dìde, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, ó kàn wà ní ọdún kẹrin ni. Rúlà àti pẹ́ńsùlù ló wá tà fún wa. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ-káàárọ̀-sà" di orúkọ mi. Èmi tí ìyá mi kọ́ pé ọmọ tó mọ èèyàn kí kì í sọnù, n kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kó pátákó mi, ó di ìlà tó kẹ́yìn. Lójú tèmi, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ mi, títí kan àwọn tó ń ta ẹja. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó rántí mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún méjìdínlógún kó gbà?

Àwọn mẹ́ta tí a jọ wà ní yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ti mọra wọn tipẹ́. Tí mo bá wọlé, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Àdáwà náà dùn mí wọra. Ọjọ́ míì wà tí n kò ní gbọ́ ohùn ara mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi tí ìyá mi bá pè mí lórí fóònù.

"Ta lẹ jọ ń jẹun?" Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè nìyẹn.

"Ọmọbìnrin kan ni, Màámi. Kíláàsì kan náà la wà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ń jẹ ata?"

Mo rò pé tí mo bá ní kì í jẹ ẹ́, kò ní ṣe wàhálà sísè fún un. "Kì í jẹ ata rárá, Màámi." Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, awakọ̀ tí ìyá mi máa ń fi ata rán sí mi kó abọ́ méjì lé mi lọ́wọ́. Èyí tó ní ìdérí pupa ni ata tí mo mọ̀, èyí tó ń jó ni létè. Èyí tó ní ìdérí funfun, tàtàṣé àti àlùbọ́sà lásán ni, wọ́n sì ti fara balẹ̀ yọ gbogbo eegun ẹja inú rẹ̀. Awakọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an: "Funfun yìí, ti ọ̀rẹ́ ẹ ni o."

Báyìí ni mo ṣe ń jẹ oúnjẹ èèyàn méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti inú abọ́ funfun ni mo máa ń jẹ kẹ́yìn, kì í sì í ṣe nítorí àìsí ata. Mo mọ̀ pé ìyá mi ti jókòó ti iná, ó ń yọ eegun ẹja fún ọmọ tí ìyá kankan ò bí. Á ní kí n bá òun kí i, èmi náà á ní ó ń kí yín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti rẹ̀ mí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwòrán ẹ̀rọ kan wà tí olùkọ́ dá padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, tó fi yíńkì pupa kọ ọ́ sí i pé kí n tún un yà, láìsọ ohun tí mo ṣì ṣe.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, òjò dè wá mọ́ inú gbọ̀ngàn. Àwọn tó kù kóra jọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú fóònù jáde, mo ti wá nọ́ńbà ìyá mi kàn. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa bọ̀ wá mú mi. Ọmọbìnrin kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń ti ilé wá sí kíláàsì, ló tún wà ní ìlà ẹ̀yìn náà. A kò sọ̀rọ̀ rí, nítorí n kò kí i rí. Ó yíjú sí mi.

"Jọ̀ọ́, kí ló ń ta sánsán báyìí nínú báàgì ẹ? Ebi ń pa mí o."

Mo gbé abọ́ funfun fún un pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó rún un lẹ́nu, ó wojú mi tàánútàánú. "Ta ló ń ṣàìsàn nílé yín?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́. Mo ṣí abọ́ pupa. Ó jẹ ẹ́, ó ń fa imú, ó ní èyí gan-an ni oúnjẹ. Kí òjò tó dá, ó ti fa àwòrán mi sọ́dọ̀, ó sì fi ìka kan tó lépo tọ́ka sí àṣìṣe mi: bí irin náà ṣe rí téèyàn bá wò ó látòkè, ìsàlẹ̀ ìwé ló yẹ kí n yà á sí, òkè ni mo gbé e sí. Lẹ́ẹ̀mẹta! Ì bá ti tán lọ́jọ́ kìíní, ká ní mo la ẹnu bi ẹnìkan. Fóònù ti padà sínú báàgì.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, ìyá mi wọkọ̀ wá láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó gbé abọ́ méjì dání. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ kí i, ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú sí i, ó ti ṣí ìdérí pupa.

"Ọmọ mi, ti funfun ni tìẹ," ni ìyá mi wí. "Ata wà nínú ìyẹn."

"Ata kẹ̀, Màmá? Ta ló ní mi ò kì í jẹ ata?"

Ìyá mi wò ó, ó sì wò mí. Mo wolẹ̀. "Ó jọ pé àgbà ti ń dé sí mi ni," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ jẹun." Láti Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ìdérí pupa ni abọ́ méjèèjì ń dé.

Ẹnjiníà ni mí báyìí ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, mo sì máa ń yà jẹun lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni mo tó láyà láti bi í ìgbà tó mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kí ọ̀rẹ́ ẹ," ó ní. "O ò dárúkọ ẹ̀ fún mi rí."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá mú mi nígbà náà, Màámi?"

"Mo wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Itoikin lójú ọ̀nà ni mo ti sọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo padà sílé. O fẹ́ iṣẹ́ yẹn jù."

Ó bu ẹja kún tèmi. Mo wo ìkòkò, mo wo ìjókòó kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, oúnjẹ èèyàn méjì ló ń dì ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́, tó sì ń padà wọlé lọ jẹ tirẹ̀ lóun nìkan. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló ń bi mí ẹni tí mo ń bá jẹun. N kò bi òun náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.