Ọpẹ́ Tí Bàbá Wa Dá Lórí Rédíò

Òórùn èèpo obì tó ń rà la fi máa ń jí ní agbolé wa ní Ṣàgámù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo dúró lórí àpótí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo di wáyà rédíò Bàbá wa mọ́ páànù òrùlé. Rédíò ìjọba kì í wọlé dáadáa ládùúgbò wa àfi bí ẹnìkan bá di wáyà yẹn mú. Àwọn olóbì ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn Bàbá ni wọ́n wá gbọ́.

Ìjọba fẹ́ lé wọn kúrò ní ìsọ̀ tí àwọn bàbá wọn ti ń ta obì. Nígbà tí akọ̀ròyìn rédíò ti kọ́kọ́ wá ṣáájú ọjọ́ yẹn, Bàbá ni wọ́n ní kó gbẹnu sọ fún àwọn. Ẹ ṣáà mọ àwọn àgbà wa, wọn kì í ro ẹjọ́ láì kọ́kọ́ kí ènìyàn. Bàbá a sì máa wí fún wa pé, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó ṣàdúrà fún wọn, ó wá là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ò ní kúrò. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Apá ti ń ro mí kí ohùn Bàbá tó dún ketekete: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba wa. Ọlọ́run á túbọ̀ gbé wọn ga." Ó tán! Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ní gbogbo olóbì ló ti gbà láti kó kúrò.

Ìyá Rìsíkátù, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa, ló dìde. "Alájì, kí ni wọ́n fún yín?"

Bàbá ní wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun ni. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ṣé ohùn rẹ̀ kọ́ ni? Lọ́sẹ̀ kejì, katakata wó ìsọ̀ wọn. Títí Bàbá fi kú, àwọn kan kì í dá sálámà rẹ̀ lóhùn ní mọ́sálásí.

Inú ṣì ń bí mi. Rédíò tó ń hó ṣááṣáá lójoojúmọ́, ọjọ́ tí wọ́n máa ba bàbá mi lórúkọ jẹ́ ló mọ́ gaara. Èmi ni mo sì di wáyà mú fún wọn.

Lóṣù tó kọjá, akọ̀ròyìn kan gbé maikirofóònù sí mi lẹ́nu nítorí ọ̀nà Òde Rẹ́mọ tó bàjẹ́. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ọ̀nà yìí ń pa wá." Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi obìnrin ní, "Mọ́mì, ẹ ò tilẹ̀ kí wọn." Ojú tì mí díẹ̀, torí Bàbá kọ́ mi dáadáa. Ọmọ tó dúró lórí àpótí ọjọ́ yẹn ì bá kúnlẹ̀ kí wọn. Èmi ò ní ọpẹ́ kankan tí wọn yóò rí gé lò.