Fóònù Alàgbà Ló Ń Kọ́kọ́ Dún

Àfísù Sàláwù kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi tó bá fọwọ́ kàn án. Tó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà wá fà á wò. Tí ìyàwó rẹ̀, Asisat, bá ní òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tọ́ ọ wò kó tó jókòó.

"Bàbá Abdulrasaq, ṣé ẹnì kan ti fún yín ní májèlé jẹ rí ni?"

Àfísù á kàn rẹ́rìn-ín.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Òmù-Àrán ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn nọ́ọ̀sì ìgbèríko ti ń fi fóònù wá ibi tí oògùn wà. Àwọn kẹ́míìsì ń fi orúkọ oògùn tó wà lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà kan tí ilé iṣẹ́ náà háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n so iṣẹ́ wọn pọ̀, ló ń kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́, tí wọ́n sì ń wá a jáde fún ẹni tó bá béèrè. Ìlú òyìnbó ni àwọn kọ̀ǹpútà náà wà. Kò sẹ́ni tó fojú rí wọn rí nílé iṣẹ́ yẹn, èyí kò sì jẹ́ kí ọkàn Àfísù balẹ̀. Òun ló ṣètò ìkìlọ̀ sí wọn: bí ọ̀kan bá dákú, tàbí bí ààyè tí wọ́n ń kó nǹkan sí bá fẹ́ kún, kí wọ́n fúnra wọn pariwo sórí fóònù.

Ní àsìkò tí ọ̀gá wọn, Ọláyíwọlá, lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Òwu-Ìsin, ààyè náà kún. Àwọn kọ̀ǹpútà kò gba ohun tuntun mọ́, ti àtijọ́ ni wọ́n ń fi han èèyàn. Ejò bu àgbẹ̀ kan jẹ ní Òkè-Ọdẹ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Hamidah, fi fóònù wá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, àwọn kọ̀ǹpútà ní ó wà ní Bàbáńlá. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sórí ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, abẹ́rẹ́ ti tán tipẹ́. Ìlọrin ni wọ́n ti padà rí i. Ọkùnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n ó ń fi igi rìn báyìí.

Ọláyíwọlá dé, ó pe gbogbo wọn jọ.

"Àfísù, ìkìlọ̀ kankan kò dé sórí fóònù mi. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lo lè pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n sì rí ọ n'Ílọrin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa díje."

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ kí."

"Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

"Òun náà ni, sà."

Tómilọ́lá, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Àfísù, fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n dáa o."

"Tó bá di ọ̀la tí o kò tíì fi hàn mí pé o kò pa á lẹ́nu mọ́," ni Ọláyíwọlá wí, "kó ẹrù rẹ."

Àfísù kọ́kọ́ fura sí Tómilọ́lá. Kí ló ń rẹ́rìn-ín sí? Ó yẹ gbogbo ètò náà wò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn níbẹ̀. Á jẹ́ pé ìkìlọ̀ dún. Létí ta ni? Ibẹ̀ ló ti rántí. Nígbà tó ń ṣètò náà, bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílé wọn ló ṣe é: àgbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún, òun ló mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Alàgbà Ebenezer, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń mójú tó ọ́fíìsì, ló fi síwájú. Bí Alàgbà bá sì ti tẹ "mo ti rí i," ìkìlọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró níwájú irú àgbà bẹ́ẹ̀, kó ní òun fura sí i?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán ìkìlọ̀ náà wò. Ó dín ìwọ̀n tí ìkìlọ̀ fi ń dún kù, kí àwọn kọ̀ǹpútà lè rò pé àwọn ti kún. Fóònù kan dún nínú àpò agbádá Alàgbà. Ó yọ ọ́, ó gbé awò ojú sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dá a padà sápò. Fóònù àwọn yòókù kò dún rárá.

"Alàgbà, ṣé àláàtì báǹkì ni?" ni Tómilọ́lá bi í.

Ọláyíwọlá kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ó dún nígbà tí mo wà l'Ówu-Ìsin?"

"Ó dún."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Pósí ìyá rẹ ṣì wà nílẹ̀. Ṣé kí n wá máa sọ fún ọ pé kọ̀ǹpútà yó? Mo ní kí o sìnkú tán."

"Àfísù ńkọ́?"

"Ọmọdé ni. Á sáré pè ọ́."

Ọláyíwọlá wá yíjú. "Ta ló fi Bàbá síwájú?"

"Èmi ni, sà."

"Jókòó. Fi gbogbo wa sí i lẹ́ẹ̀kan náà, lójú mi."

Kò ní kó kó ẹrù mọ́, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó kàn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àfísù tẹ nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ọ̀kan kún un.

"Ta nìyẹn?"

"Nọ́ọ̀sì Òkè-Ọdẹ."

Ó tún dán an wò. Gbogbo fóònù pariwo pa pọ̀. Kò pẹ́, Hamidah pè.

"Ẹ̀yin náà nìyẹn? Ṣé òótọ́ lẹ fi ránṣẹ́ lónìí, àbí irọ́ mìíràn ni?"

"À ń dán an wò ni, mà."

"Ẹ máa dán an wò lọ. Èmi ti ń pe ẹni tó ni oògùn kí n tó gbé ẹnikẹ́ni sórí ọ̀kadà."

"Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀, mà," ni Àfísù dáhùn. "Ẹ máa pè wọ́n."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Ọláyíwọlá ti fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Láti òní lọ, ohunkóhun tí o bá fẹ́ yí padà níbẹ̀, kọ́kọ́ fi hàn mí."