Ọdún Mẹ́jọ Tí Bàámi Dín Kù

Lánàá, mo lọ ṣètò ìfẹ̀yìntì mi, obìnrin ọ́fíìsì náà sì lu ìwé mi ní òǹtẹ̀, gbà! Ìró yẹn gbé mi padà sí Edgewater ní Chicago, sí àjà kọkànlá ilé gíga tí mo dàgbà sí, tí fèrèsé wa kọjú sí adágún.

Bàbá Jámánì ni aládùúgbò wa níbẹ̀. Lọ́yà ni wọ́n, àmọ́ wọn ò fẹ́ràn kóòtù. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ tó ti darúgbó tàbí tí àìsàn dá dúró ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí yíyẹ fáìlì wò, wọ́n di ọ̀gá ẹ̀ka, kí wọ́n tó tẹ̀ lé ọmọ wọn wá sí Chicago. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, àwọn náà á fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún wọn á sì dún.

Bàámi, tó ń gbé aláìsàn ní ọsibítù, ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n. Ní Sunday kan, Bàámi ń fọwọ́ ra orúnkún tiwọn náà, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó rẹ̀ mí. Mo ti tó retire, paper mi ni ò gbà. Mo dín ọdún mẹ́jọ kù nínú ọjọ́ orí mi kí n lè wọ school nígbà yẹn."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá ti Bàámi lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ló ní ìwé lọ́wọ́.

Bàbá Jámánì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ òtítọ́ láìní ìwé làwọn ti dá padà, àwọn ò sì gbàgbé ojú wọn. Wọ́n ní kí Bàámi kọ̀wé sílé. Àwọn ará ilé fi fọ́tò ojú ìwé Kùránì kan ránṣẹ́, níbi tí bàbá Bàámi kọ ọjọ́ ìbí wọn sí. Bàbá Jámánì to gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan. Ó ku kí Bàámi fọwọ́ sí ìwé tí a ó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ọjọ́ orí wọn ṣe.

"Kí wọ́n wá máa pè mí ní liar nílẹ̀ àjèjì?" Bàámi wò mí. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?"

Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Ojú ń tì mí, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní school. Mo ń kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Bàámi ń gbé aláìsàn lọ títí tí wọ́n fi kú, ọjọ́ orí inú ìwé ò sì tíì tó ti ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ orí tòótọ́ la kọ sára òkúta ibojì wọn. Bàbá Jámánì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n ní, "Níbí, kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé."

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ fáìlì báyìí, kò sẹ́ni tó lè dín ọdún kù mọ́. Orúnkún ṣì ń ka ọdún tirẹ̀. Nígbà tí obìnrin àná yẹn nawọ́ bírò sí mi, mo fọwọ́ sí ìwé náà kíákíá, mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò, mo sì sunkún Bàámi.