Odò tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Mu Mọ́

Ọ̀rọ̀ bàtà ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé abúlé yẹn, lẹ́yìn Ìbòkun. "Wolé-wolé, bọ́ bàtà ẹ! A kì í wọ̀ ọ́ dé etí odò yìí." Ìyá Àgbà ló pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìyá tó dàgbà jù lábúlé. Mo bọ́ ọ, àmọ́ inú ń bí mi. Èmi ọmọ Òṣogbo, tí ìjọba rán wá yẹ ṣáláńgá àti omi mímu wò!

Àwọn àgbà ló ń ṣọ́ odò náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi etí ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọṣọ sínú ẹ̀. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, àwọn ìyá arúgbó á kó ewé jíjẹrà kúrò lójú ìsun, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á sì máa bú àwọn ọ̀dọ́ tí kò yọjú. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí àìmọ̀kan. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe àwọn ọmọdé, odò ni mo sì dá lẹ́bi. Mo kọ̀wé títí ìjọba fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí omi yọ, mo jó.

Ìyá Àgbà ò jó. "O ṣeun, ọmọ mi. Bí a ò bá wá mu odò mọ́, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ lọ sinmi, Mama." Mo tún rẹ́rìn-ín. Orí mi ò pé rárá!

Wọ́n sinmi lóòótọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti wà nílé mi ní Igbónà l'Óṣogbo, kí n tó gbọ́ pé àwọn tó ń wa góòlù ti dé ibẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ. Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́ tipẹ́, píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń rà mu. Ìyá Àgbà ti ń fi ọ̀pá rìn.

"Mama, ṣé ẹ ò lé wọn ni?"

"Mo lọ dúró síwájú wọn. Mo ké sí ará ilé, wọ́n ní ṣebí àwọn kì í mu odò náà mọ́. Èmi nìkan ni mo dúró."

A jọ rọra rìn lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí igi ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n bọ́ bàtà. Igi kan ò sí. Kòtò ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa.

Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Wọ bàtà ẹ, ọmọ mi. Kò sódò níbẹ̀ mọ́."