Abọ́ Tíì Tí Kò Kún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: inú máa ń tètè bí mi, pàápàá bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Jẹ́dà lọ́dún tí mo ń parí ẹ̀kọ́ mi ì bá má ṣẹlẹ̀ rárá ká ní mo mu omi kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá onífìlà kan.

Ọdún kẹfà mi ní Mẹ́kà nìyẹn. Èdè Lárúbáwá ni mo kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìtàn. Nígbà tó kan ìwé ìwádìí tí wọn yóò fi fún mi ní oyè kejì, mo ní mo fẹ́ kọ nípa àwọn onímọ̀ hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, tí wọ́n ti ilẹ̀ Usibẹkisitani jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n pa ìyẹn tì. Ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kún yàrá ìkàwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ilẹ̀ náà ṣe rí nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ta ló jẹ olórí ẹgbẹ́ náà níbẹ̀? Ta ló fi í jẹ, ta ló sì yọ ọ́? Bí èmi ọmọ Ìwó, tí mi ò rí yìnyín rí àfi nínú fìríìjì, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn Kọ́múníìsì nìyẹn. Akọ̀wé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pe olórí wọn. Ẹ má rò pé ó ń kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni o. Òun ni ọ̀gá pátápátá, ó kéré tán lójú gbogbo ayé.

Ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń wá sí Mẹ́kà wá wá Ọlọ́run, ọkọ òun nìkan ló wá ń wá àwọn tó ní Ọlọ́run kò sí.

Nígbà tó ku oṣù méjì péré kí àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ fún mi pé, ọ̀jọ̀gbọ́n dá ìwé náà padà fún mi. Ó ní, "Inú ìwé lo ti kó gbogbo èyí jáde. O mọ ẹni tó jókòó, o mọ ẹni tó dìde, ṣùgbọ́n o ò mọ bí inú ilé náà ṣe rí. Lọ wá ẹnì kan tó wà níbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fọwọ́ sí i."

Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìkámà wa, ìwé tí a fi ń gbé ìlú, yóò kú, èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa yóò sì darí sílé láìsí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti sọ fún gbogbo jamáà mọ́ṣáláṣí wọn pé ọmọ òun ń bọ̀.

Hujun, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, là ń gbé nígbà náà. Nísàlẹ̀ ilé wa, Àlàájà kan ń se ìrẹsì Bùkárì tà, èyí tí wọ́n máa ń fi kárọ́ọ̀tì àti ẹran àgùntàn sè. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Usibẹkisitani ni àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti sá wá nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì dé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó mi á ní ilé ìdáná ti gbóná jù, á sì lọ ra ìrẹsì níbẹ̀. Láìbi mí, ó ti tú gbogbo ọ̀rọ̀ mi sí obìnrin náà létí. Àlàájà ní òun ní ìbátan kan ní Jẹ́dà, àgbàlagbà tó ń ta fìlà ní Balad, àdúgbò àtijọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà tú ló wá ṣe Hájì, kò sì padà mọ́. Ní olú ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló ti ṣiṣẹ́. Tíì ló ń gbé fún wọn.

Mo ní, "Tíì kẹ̀? Ọ̀gá ni mò ń wá."

Ìyàwó mi wò mí. "Nílé ìjọba tiwa, ta ló máa ń mọ ohun tó ń lọ, kọmíṣọ́nà ni àbí ẹni tó ń gbé tíì wọlé?"

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Jẹ́dà lọ́jọ́ kejì.

Oòrùn ọ̀sán yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ti kírun Àlàásárì kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù náà nínú kọ̀rọ̀ kan láàárín àwọn ilé olókùúta àtijọ́ Balad. Bàbá náà tín-ín-rín, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó dé fìlà onígun mẹ́rin. Ó dìde fún mi, ó fọwọ́ lé àyà, ó sì fi mí jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Lárúbáwá rẹ̀ ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ó já geere. Ó mú ìkòkò tíì, ó bu tíì sínú abọ́ kékeré kan tí kò ní ìdìmú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Mo wo inú abọ́. Tíì inú rẹ̀ kò tó èyí tí èèyàn lè fi rin ọ̀fun. Nílé wa ní Ìwó, bí wọ́n bá gbé ife tí kò kún fún àlejò, ìyá mi á béèrè bóyá wọ́n fẹ́ dójú ti òun ni. Mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún bu bíńtín sí i. Mo tún gbé e mì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú kún fún mi. Ẹ má tijú."

Ó wojú mi. "Kí n bù ú kún?"

"Kó kún dáadáa."

Ó bù ú kún dé etí, ó sì gbé ìkòkò tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo ṣe mu ún tán báyìí, ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ pé mo wá. Mi ò tíì béèrè ohun kan ṣoṣo. Mo ṣáà rò pé ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ni.

Nígbà tí mo délé, mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo sì pinnu pé abọ́ bàbá náà ló kéré, pé ojú ló ń tì í. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lọ sí àdúgbò Ṣubayka lẹ́bàá Háráámù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, mo ra kọ́ọ̀pù ńlá kan tó ní àwòrán òdòdó lára, irú èyí tí èèyàn lè fi mu ògì yó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé e lọ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo tilẹ̀ là á yé e pé kó lè máa rí ohun bu tíì kún fún àlejò ni.

Bàbá gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wá abọ́ mìíràn, ó bu tíì kún un bámúbámú, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi mu ún tán. Mo tún bá ara mi lójú títì. Inú bí mi gan-an. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń dá sọ̀rọ̀ títí mo fi dé Mẹ́kà, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé ahun gbáà ni ọkùnrin yẹn, ìwé mi ti bàjẹ́, kí a máa di ẹrù wa.

Ó lọ ra ìrẹsì lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó gòkè bọ̀, ó ti rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àlàájà ní níbi tiwọn, bí wọ́n bá fẹ́ràn àlejò, bíńtín bíńtín ni wọ́n ń bu tíì fún un, kó lè máa gbé abọ́ padà wá, kí wọ́n lè máa rójú rẹ̀. Bí wọ́n bá bù ú kún, ó ti yẹ kó máa lọ nìyẹn. Bàbá fẹ́ kí ẹ dúró, ẹ̀yin lẹ ń ní kó lé yín. Ẹ tún wá fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ ra kọ́ọ̀pù."

Ọmọ wa bi í ní Lárúbáwá pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ló bá tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ ìrẹsì náà. Mo jẹ ẹ́ ṣá, ṣùgbọ́n kò dùn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà sí Balad. Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, kí n tó ronú, mo ti nà gbalaja sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ ṣe ń ṣe nílé. Àfi gbàgà tó fi ọrùn jálàbíà mi gbá mi mú. Ó ní Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún, ṣé mo fẹ́ kó òun sí wàhálà ní ìlú yìí ni? Oníbàárà kan tó ń wọn fìlà lọ́wọ́ fi fìlà sílẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé pé iwájú orí mi kò kan ilẹ̀, pé ìkíni lásán ni, pé bí a ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tó ń fi odindi ara kí àgbà, kí ló wá ń lé ọ kúrò lọ́dọ̀ mi?"

Mo wá sọ ọ́ fún un, ti òùngbẹ, ti ìyá mi, ti kọ́ọ̀pù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun rò pé òun ti sú mi ni. Lọ́jọ́ kejì, òun rò pé mo ra kọ́ọ̀pù wá láti fi sọ fún òun pé kí òun jìnnà sí mi. Ó nu ojú, ó fa ìkòkò tíì mọ́ra, ó bu bíńtín fún mi. Mi ò tíì rí ohun tó dùn tó tíì yẹn rí.

A jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gáríbì. A lọ kí i, a sì tún padà wá jókòó. Ó ní òun ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tó bi òun léèrè iṣẹ́ yẹn rí. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó bá níbí, àwọn Kọ́múníìsì ló lé àwọn bàbá ńlá wọn nílùú. Báwo ni yóò ṣe sọ fún wọn pé òun bu tíì fún àwọn tó lé wọn?

Olórí mẹ́rin ló bu tíì fún. Ẹni àkọ́kọ́ lò ju ogún ọdún lọ, ikú ló mú un kúrò lórí àga. Lẹ́yìn rẹ̀, àga wá gbóná. Wọ́n gbé ìkejì kúrò, ìkẹta kò tíì jókòó ire tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, ìkẹrin ló sì wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ fi tú, tó fi di ààrẹ. Gbogbo ìyẹn ni mo ti kà. Ohun tí mi ò kà nínú ìwé kankan ni pé láràárọ̀, ọ̀dọ̀ olórí, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn, ni tíì ń kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ igbákejì rẹ̀, tí wọ́n rán wá láti Mọ́sìkò, ìlú tí gbogbo ẹgbẹ́ náà ti ń gba àṣẹ, ni ìwé ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀gá ilé náà, kó má tẹ̀ lé tíì, kó tẹ̀ lé ìwé.

Ó ní ọ̀kan nínú àwọn èèyàn ńlá ibẹ̀ wọlé bá òun níbi tí òun ti ń se tíì, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ọkùnrin náà ní kí bàbá ka Fátíhà fún òun, nítorí òun ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n dúró láàárín àwọn kẹ́tù, bàbá sì kà á fún un ní ohùn ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà dìde nípàdé, ó fi wákàtí kan bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn.

Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe fún un?"

"Mo bu tíì tirẹ̀ kéré ju ti gbogbo wọn lọ."

Ó tún sọ ti àlejò pàtàkì kan tó ti Mọ́sìkò wá. Ọkùnrin náà fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn bí ọmọlúwàbí, ó gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ bàbá, ó sì bu tíì fún olórí wọn fúnra rẹ̀. Ó bù ú kún dé etí. Gbogbo yàrá ń wo abọ́ náà. Olórí ń rẹ́rìn-ín, ó mu ún tán. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Mo béèrè bóyá àlejò náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Bàbá ní, "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ìwọ, mo wá ń rò pé bóyá ó kàn rò pé òùngbẹ ń gbẹ olórí ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn méjèèjì yìí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tí òun ti bu tíì fún, òun kò lè máa rojọ́ rẹ̀ kiri.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka orí tuntun náà, ó sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí síwájú àwọn tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò, ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tó mú kí n gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé tíì. Mo sọ ìtàn kọ́ọ̀pù fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tó béèrè ló sì pẹ́ jù nínú ẹ̀rín. Mo yege. Bàbá mi pa àgbò ní Ìwó kí n tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán lórí fóònù.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a wọkọ̀ òfúrufú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ kí bàbá pé ó dìgbóṣe. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí i, bàbá kò sì bá a jà lọ́tẹ̀ yìí, orí ló fọwọ́ pa. A jókòó. Ó ń dùn mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ lè bù ú kún lónìí."

Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ́ọ̀pù ńlá tí mo rà ní Ṣubayka jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti fi aṣọ wé e. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó tẹ ìkòkò tíì sí i, ó sì kán tíì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba tí kò tilẹ̀ bo ìdí kọ́ọ̀pù náà tán. Ìyàwó mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí. Mo mu ún, mo gbé kọ́ọ̀pù náà padà fún un, ó sì tún kán díẹ̀ sí i.