Búrẹ́dì Tó Wà Lára Ògiri Risolat

Risolat ló tọ́ Muhiddin. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì nínú ààrò amọ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn ní ìlú Margilan, ó ń tà á, ó sì ń fi owó rẹ̀ rán an níléèwé. Ọmọ náà di òǹkọ̀wé. Nígbà tí ìtàn rẹ̀ nípa ọ̀gá omi, ẹni tó ń pín omi oko fún ará ìlú, tó wá ń ta omi odò fún àwọn òkú jáde, wọ́n ń kà á sókè nílé tíì, tíì ń gba imú àwọn àgbà jáde. Hakim, olórí àdúgbò, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ó mọ ìtàn náà sórí.

Àwọn aláṣẹ tuntun náà kà á. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ojú ara wọn ni wọ́n rí lára ọ̀gá omi.

Nígbà ìwọ́wé, wọ́n pe Muhiddin sí Tashkent, olú-ìlú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Risolat na búrẹ́dì gbígbóná sí i lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó ń rìnrìn àjò: yóò gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìyókù yóò wà lára ògiri títí yóò fi padà wá jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n jẹ gbogbo ẹ̀, ebi ń pa mí."

"Ọ̀jẹun. Ẹnu kan péré. Kí lo fẹ́ padà wá jẹ?"

Eyín iwájú Muhiddin kan ti kán láti kékeré, àpá ẹnu rẹ̀ sì fi àlàfo sílẹ̀ lára búrẹ́dì náà. Kò sí ará àdúgbò tí kò ní mọ̀ ọ́n. Risolat fi ìṣó gbé e kọ́.

Muhiddin kò padà. Ìwé ìròyìn ní ọ̀tá ará ìlú ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò wọ ẹ̀yìnkùlé Risolat, ìwé Muhiddin lábẹ́ aṣọ wọn. Wọ́n ní ààrò tirẹ̀ ló jinlẹ̀ jù. Hakim ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sínú iná. Risolat jókòó, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyàwó Hakim ló lẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ ara ààrò nínú, bí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì níbẹ̀, kí iná má bàa ṣòfò. Gbogbo wọn jẹ nínú búrẹ́dì ọ̀hún. Wọ́n ní ó jinná dáadáa.

Hakim dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ.

"Risolat, mo ti sọ fún wọn pé o ti kọ̀ ọ́ lábúrò. Já nǹkan yẹn bọ́."

"Bàbá, a kì í sọ búrẹ́dì nù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

"Ta ló ní kó o sọ ọ́ nù? Jẹ ẹ́. Ṣé èèyàn ò lè jẹun nílé ara ẹ̀ ni?"

"Tí mo bá jẹ ẹ́, mo ti gbà pé kò ní padà wá nìyẹn."

"Ìwọ rò pé ó ń bọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn ẹ̀ sórí. Àwọn òkú inú ẹ̀ ṣáà padà wá gba owó omi wọn."

Hakim wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Èmi ò mọ ìtàn kankan."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò ò kí Risolat mọ́. Wọ́n ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Àwọn ọkùnrin méjì tí àwọn aláṣẹ rán dé lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, Hakim lẹ́yìn wọn bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá wọn wo ara ògiri.

"Ẹnu ta nìyí?"

"Ẹnu ọ̀tá ará ìlú ni," Hakim dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè.

Ọ̀gá náà já búrẹ́dì ọ̀hún, ó nà án sí Risolat. "Wọ́n ní o ti kọ̀ ọ́. Ó dáa. Jẹ ẹ́ tán, ká máa lọ ilé wa."

Búrẹ́dì ti le bí òkúta. Risolat gbà á, ó fi aṣọ orí rẹ̀ nù ún, ó dá a padà sórí ìṣó.

"Múra," ọ̀gá náà wí.

Risolat mú búrẹ́dì òní kúrò nínú agbọ̀n, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó na ìyókù sí Hakim kó bá òun gbé e kọ́. Hakim kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú apá aṣọ. Risolat fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò rẹ̀, kó tó tẹ̀ lé wọn.

Kí yìnyín tó bọ́, ìdílé Hakim ti kó wọ ilé náà. Wọ́n ní ààrò ibẹ̀ jinlẹ̀. Búrẹ́dì méjèèjì ṣì wà lára ògiri. Kò sí ẹni tó láyà láti já wọn bọ́, kò sì sí ẹni tó ń jẹun kọjú sí wọn.